Fíìmù Hindi wo ló pa owó jù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní? Ẹ wá ràn wá lọ́wọ́ ká lè ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ

Agbóhùn Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe ètò kan lórí rédíò àdúgbò wa. Èdè Yorùbá la fi ń ṣe é, ọ̀rọ̀ fíìmù la sì ń sọ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn fíìmù èdè Hindi tó pa owó jù. Mo ti wo àwọn àtòjọ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì yà mí lẹ́nu pé gbogbo èyí tó wà lókè pátápátá ló jáde lẹ́yìn ọdún 2015. Sholay kò sí níbẹ̀. Mughal-e-Azam kò sí níbẹ̀. Ìyá mi àtàwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n wo fíìmù Íńdíà ní sinimá nígbà èwe wọn kò ní gbà fún mi bí mo bá ka irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ sórí afẹ́fẹ́. Èmi gan-an ò gbà á.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí: báwo lèèyàn ṣe lè fi owó fíìmù ọdún 1960 wé ti ọdún 2023 láìparọ́ fún olùgbọ́? Kí ni "crore" tí gbogbo wọn ń pè yìí? Fíìmù wo ni mi ò gbọ́dọ̀ fò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́.

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí crore ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ìròyìn fi ń sọ̀rọ̀. Crore kan jẹ́ mílíọ̀nù 10. Tí wọ́n bá ní fíìmù kan pa 500 crore rúpìì, bílíọ̀nù 5 rúpìì nìyẹn. Lakh náà wà, òun jẹ́ 100,000. Àmì tí wọ́n ń fi sáàárín nọ́ńbà kò sí níbi tí àwa ń fi í sí: 1,00,00,000 ni wọ́n ń kọ crore kan. Ẹ fara balẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kà á.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé iye mẹ́ta ló wà lórí fíìmù kan ṣoṣo: wọ́n ń pè é ní gross, net àti share. Ká ní owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 200 rúpìì kí owó orí ìjọba tó gun un. Owó orí yẹn, tí wọ́n ń pè ní GST, jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún fún tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ju 100 rúpìì lọ. Òǹwòran á wá san 236 rúpìì. 236 yẹn ni gross. 200 tó kù lẹ́yìn tí ìjọba ti mú tirẹ̀ ni net. Ilé sinimá àti alágbàtà fíìmù, ìyẹn ẹni tó ń gbé fíìmù wá fún sinimá, á wá pín 200 náà. Àwọn olóòtú fíìmù àtàwọn onísinimá ńlá bá ara wọn jà lórí ìpín yìí lọ́dún 2009, débi pé fún nǹkan bí oṣù méjì, wọn kò gbé fíìmù Hindi tuntun wọ àwọn ilé sinimá ńláńlá. Àdéhùn tí wọ́n fi parí ìjà náà ni pé alágbàtà á gba ìdajì lọ́sẹ̀ kìíní, ìdá 42.5 lọ́sẹ̀ kejì, ìdá 37.5 lọ́sẹ̀ kẹta, àti ìdá 30 láti ìgbà náà lọ. Lọ́sẹ̀ kìíní, 100 rúpìì ni alágbàtà á rí nínú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, òun sì ni share.

Ẹnì kan lè wá sọ pé 236, ẹlòmíràn ní 200, ẹnì kẹta ní 100, kí ó má sì sí òpùrọ́ láàárín wọn. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ka iye kankan sórí rédíò, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nǹkan kan tún kù. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo Íńdíà pọ̀. Àwọn oníròyìn tó ń tẹ̀ lé òwò fíìmù ló ń ṣírò, àwọn olóòtú fíìmù náà sì ń gbé iye tiwọn jáde, tiwọn ló sì sábà máa ń ga jù. Nítorí náà "nǹkan bíi" ni kí ẹ máa fi síwájú gbogbo iye tẹ́ ẹ bá pè.

Bàbá Sinimá

Ọmọ mi, o ṣeun tó o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Oníṣirò ti sọ ti owó, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń béèrè iye rúpìì. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni fíìmù náà lò ní sinimá? Ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn, ní Íńdíà gan-an pẹ̀lú. Fíìmù tó bá pé ọ̀sẹ̀ 25 ní sinimá kan láìkúrò níbẹ̀, wọ́n á ṣe silver jubilee fún un. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ 50, ó di golden jubilee. Òṣèré kan wà tó ń jẹ́ Rajendra Kumar, tí fíìmù rẹ̀ ń pé ọ̀sẹ̀ 25 léraléra láwọn ọdún 1960, débi pé Jubilee Kumar ni wọ́n ń pè é.

Máa bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ láti ọdún 1931. March 14 ọdún náà ni Alam Ara, iṣẹ́ Ardeshir Irani, jáde ní sinimá Majestic ní Bombay. Dadasaheb Phalke ti ṣe fíìmù tirẹ̀ láti 1913, ṣùgbọ́n fíìmù tí kò sọ̀rọ̀ nìyẹn. Alam Ara ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, orin méje ló wà nínú rẹ̀, èrò sì pọ̀ débi tí wọ́n fi ní láti pe ọlọ́pàá. Orin yẹn kò kúrò nínú fíìmù Hindi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí owó fi ń wọlé fún wọn, kó má gbàgbé pé orin ni ó kọ́kọ́ ń ta fíìmù fún wọn kí àwòrán tó dé.

Kismet ló tẹ̀ lé e lọ́kàn mi, ọdún 1943, láti ilé iṣẹ́ Bombay Talkies. Ashok Kumar ló ṣe olórí òṣèré níbẹ̀, olè ló sì ṣe. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń ṣe ìjọba Íńdíà. Orin kan wà nínú fíìmù náà tó ń sọ fún àjèjì pé kó jìnnà sí ilẹ̀ àwọn. Wọ́n dárúkọ Jámánì àti Japan nínú orin náà kí ìjọba má bàa gbẹ́sẹ̀ lé e, àmọ́ gbogbo ẹni tó jókòó sí sinimá ló mọ àjèjì tí wọ́n ń bá wí. Ó lò ju ọdún mẹ́ta lọ ní sinimá Roxy ní Calcutta. Òun ni wọ́n sábà máa ń pè ní fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tó pa crore kan.

Mughal-e-Azam ńkọ́? August 5, 1960. K. Asif lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí rẹ̀. Dilip Kumar, Madhubala, àti Prithviraj Kapoor tó ṣe ọba Akbar. Dúdú àti funfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, wọ́n wá fi àwọ̀ sí apá díẹ̀, pàápàá ibi tí Madhubala ti ń kọrin tó ń jó níwájú ọba, tí àwòrán rẹ̀ hàn nínú gbogbo dígí tó wà lókè àjà. Àwọn èèyàn sùn síwájú sinimá Maratha Mandir ní Bombay nítorí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹbí wọn ń gbé oúnjẹ wá bá wọn níbẹ̀. Ọdún 15 ló fi wà lókè láìsí fíìmù tó pa owó tó o. Lọ́dún 2004 wọ́n fi àwọ̀ kun gbogbo rẹ̀, wọ́n sì tún gbé e padà sí sinimá.

Sholay ló wá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. August 15, 1975 ló jáde, nígbà tí ìjọba Indira Gandhi ti kéde òfin pàjáwìrì láti oṣù June. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba mú kí Ramesh Sippy tó darí rẹ̀ yí ìparí rẹ̀ padà: nínú èyí tó kọ́kọ́ yà, Thakur tó ń wá ẹ̀san pa Gabbar, olórí àwọn ọlọ́ṣà, nínú èyí tí aráyé wò, ọlọ́pàá dé kó tó pa á. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára tó. Àwọn oníròyìn òwò fíìmù ti ń sọ pé ó ti kú. Ẹnu àwọn tó ti wò ó ló gbé e dìde. Ilé iṣẹ́ Polydor tẹ àwo jáde tí kì í ṣe orin fíìmù náà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré sọ ni, ó sì tà wìtìwìtì. Àwọn èèyàn há ọ̀rọ̀ Gabbar sórí kí wọ́n tó lọ wo fíìmù. Ọdún márùn-ún ni Sholay lò ní sinimá Minerva ní Bombay. Ọdún márùn-ún, ọmọ mi! Àwọn fíìmù tòní, tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á pa agbo ijó.

Ọmọ Yorùbá Kánò

Ẹ kú ìjókòó o. Kánò ni wọ́n bí mi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé Mother India tí Mehboob Khan ṣe lọ́dún 1957, tí Nargis ṣe ìyá nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ló ń kó fíìmù Íńdíà wọ òkè ọya láti àwọn ọdún 1950, Mother India sì wà lára àwọn tí wọn kò yé gbé sí sinimá fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Mo mọ àwọn èèyàn tí kò gbọ́ Hindi rárá, tí wọ́n lè sọ ìtàn rẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Owó tí àwa san níbí kò sí nínú àtòjọ kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Awaara tí Raj Kapoor ṣe lọ́dún 1951 dé ibẹ̀ lọ́dún 1954, nǹkan bíi mílíọ̀nù 64 tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì tà. Disco Dancer, tí Mithun Chakraborty jó nínú rẹ̀, súnmọ́ ọn ní àwọn ọdún 1980. Èèyàn mílíọ̀nù 64 wo fíìmù kan ní orílẹ̀-èdè kan tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí àyè fún un nínú àtòjọ crore. Èyí dùn mí.

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Kánò, òótọ́ pọ́ńbélé. Ohun tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kì í pín owó tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú olóòtú. Ṣe ni wọ́n ń ra fíìmù ní iye kan tí wọ́n dúnàádúrà lé lórí, ó parí síbẹ̀.

Àǹtí Leicester

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ǹlẹ́ o. Leicester ni mò ń gbé ní UK, àwọn ọmọ Íńdíà pọ̀ ládùúgbò wa, sinimá tó ń gbé fíìmù Hindi kò sì jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá Sinimá fi àwọn ọdún 1990 kún un, torí ìgbà yẹn ni nǹkan yí padà.

Fídíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa sinimá lára ní àwọn ọdún 1980. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ díẹ̀ jókòó sílé wọn, wọ́n ń wo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà kọ lọ́nà ẹ̀bùrú. Hum Aapke Hain Koun ló pè wọ́n jáde lọ́dún 1994. Sooraj Barjatya ló darí rẹ̀, Madhuri Dixit àti Salman Khan ló ṣe é, orin 14 ló wà nínú rẹ̀, ìgbéyàwó àti ayẹyẹ ẹbí ló kún inú rẹ̀! Ilé iṣẹ́ Rajshri kò gbé fídíò rẹ̀ jáde, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè lọ sí sinimá. Bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà, gbogbo wọn jọ lọ ni. Gross rẹ̀ kọjá 100 crore, kò sì sí fíìmù Íńdíà tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí kó tó dé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, October 20, 1995, Dilwale Dulhania Le Jayenge jáde, ti Shah Rukh Khan àti Kajol. Ọmọ Íńdíà tó ń gbé ní London ni àwọn méjèèjì jẹ́ nínú ìtàn náà. Àwọn tó ń gbé lókèèrè rí ara wọn níbẹ̀. Maratha Mandir yẹn náà ló gbé e, ó sì pé ọ̀sẹ̀ 1,000 níbẹ̀ ní December 2014, wọn ò tún gbé e kúrò. Àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé e, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì pọ́ọ́kú, torí náà ọ̀sẹ̀ 1,000 yẹn kò kó owó jọ tó bí ẹ ṣe lè rò.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú Dil Se tó jáde lọ́dún 1998. Òun ni fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tó wọ àwọn mẹ́wàá tó pa owó jù ní UK, bẹ́ẹ̀ kò ṣe dáadáa ní Íńdíà fúnra rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi pọ́n-ùn rà níhìn-ín lè tó owó ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà. Tẹ́ ẹ bá rí "owó gbogbo àgbáyé", ẹ béèrè apá tó wá láti Íńdíà.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ Ìṣúná

Mo fẹ́ fi ìdí kan sí ohun tí Àǹtí sọ. Títí di 1998, ìjọba Íńdíà kò ka fíìmù sí ilé iṣẹ́ gidi tí báńkì lè yá lówó. Ọwọ́ àwọn ayánilówó aládàáni tó ń gba èlé gọbọi ni olóòtú ti ń rí owó, àwọn ọ̀daràn sì wà lára wọn. Lọ́dún yẹn ni ìjọba gbà á sí ilé iṣẹ́. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, 1997, ni PVR Anupam ṣí ní Saket ní New Delhi, sinimá alágbàálá púpọ̀ àkọ́kọ́ ní Íńdíà. Ìjókòó dáa, ẹ̀rọ amúlétutù dáa, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ga. Ibẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà ńlá yẹn ti wá. Ghajini, tó jáde lọ́dún 2008, ló kọ́kọ́ dé 100 crore net ní Íńdíà. 3 Idiots, tó jáde lọ́dún 2009, dé 200, PK, tó jáde lọ́dún 2014, dé 300. Òṣèré Aamir Khan ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tó máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mú fíìmù méjì.

Gadar jáde ní June 15, 2001. Net rẹ̀ ní Íńdíà jẹ́ nǹkan bíi 76 crore rúpìì. Ìṣirò àwọn oníṣòwò fíìmù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tó tà lé díẹ̀ ní crore 5, ìyẹn mílíọ̀nù 50. Pathaan jáde ní January 25, 2023. Net rẹ̀ lé ní 500 crore. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé díẹ̀ ní crore 3. Tẹ́ ẹ bá pín owó náà sórí tíkẹ́ẹ̀tì, Gadar ń gba nǹkan bíi 15 rúpìì lórí òǹwòran kan, Pathaan sì ń gba ju 160 lọ. Owó Pathaan fi ìlọ́po mẹ́fà ju ti Gadar lọ, èrò Gadar sì fi mílíọ̀nù bí 18 ju tirẹ̀ lọ.

Hum Aapke Hain Koun tí Àǹtí ń sọ, ìṣirò tirẹ̀ ju crore 7 tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Kò sí fíìmù Hindi tó dé ibẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ẹ má ka rúpìì ọdún 1994 sí ẹgbẹ́ rúpìì 2023 nígbà tí gaàrí kóńgò kan ọdún méjèèjì kò jọ ara wọn.

Ní tèmi, iye tíkẹ́ẹ̀tì ni kó ṣíwájú nínú ètò yín, kí net tẹ̀ lé e, kí owó gbogbo àgbáyé kẹ́yìn.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ Ìṣúná

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ẹ má bínú, mi ò gbà pátápátá. Kíka orí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lọ́dún 1975, tẹlifíṣọ̀n kò sí nínú ilé púpọ̀ jù lọ ní Íńdíà. Kò sí fídíò, kò sí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ tún Sholay wò, àfi kó tún ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló jẹ́ pé ẹnì kan náà ló rà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Fíìmù òde òní wà nílé sinimá fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́jọ, kó tó bọ́ sórí fóònù gbogbo ayé. Kò bójú mu láti dá a lẹ́bi pé èrò rẹ̀ kò tó.

Bàbá Sinimá

Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, mo sì gbà pé ìgbà kò jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n wo ọ̀dọ̀ kejì: èèyàn Íńdíà lọ́dún 1975 kò tó ìdajì iye tí wọ́n jẹ́ lónìí. Láàárín ìwọ̀nba èèyàn yẹn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tálákà, ni Sholay ti rí èrò ọdún márùn-ún. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ tó tún mú lára rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìfẹ́ wo ló tún kù? Èmi á máa ka ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn fún fíìmù náà, mi ò ní yọ ọ́ kúrò.

Agbóhùn Ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Àwọn méjì ló kù tí mi ò tíì lóye: Dangal ni gbogbo àtòjọ gbé sí òkè pátápátá, ó sì fi púpọ̀ ju àwọn tó kù lọ. Báwo ló ṣe ṣe é? Àti Baahubali 2 àti Pushpa 2, ṣé fíìmù Hindi ni wọ́n?

Oníṣòwò Guangzhou

Ti Dangal yẹn, ẹ bi mí. Guangzhou ni mo ti ń kó ọjà lọ́dún 2017. December 23, 2016 ló jáde ní Íńdíà, Nitesh Tiwari ló darí rẹ̀, ìtàn bàbá kan láti Haryana tó kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìjàkadì ni, ìtàn gidi sì ni. Net rẹ̀ ní Íńdíà ju 380 crore lọ. May 5, 2017 ló dé Ṣáínà, ibẹ̀ ni iná ti ràn. Ju 1,000 crore rúpìì lọ ni wọ́n pa ní Ṣáínà nìkan, ìyẹn ju ìlọ́po méjì net ilé lọ. Àpapọ̀ gbogbo àgbáyé wá di nǹkan bíi 2,000 crore.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń ti ọmọ síwájú, tí ọmọ ń sunkún tí kò lè kọ̀, kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n ti mọ Aamir Khan láti inú 3 Idiots tí wọ́n ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sinimá wọn náà pọ̀: Ṣáínà ní ju gbọ̀ngàn 40,000 lọ nígbà náà, Íńdíà kò sì ní tó 10,000. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí Oníṣirò sọ nípa share. Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tó bá wọ Ṣáínà lábẹ́ ètò pínpín owó, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá pe 2,000 crore, ẹ sọ pé gross ni, ẹ sì sọ pé Ṣáínà ló gbé apá tó pọ̀ jù wá.

Olùtọ́jú Èdè

Ti Baahubali 2 àti Pushpa 2: rárá, kì í ṣe fíìmù Hindi. Ọ̀dọ̀ àwọn elédè Telugu ni méjèèjì ti wá, Hyderabad ni ojúkò wọn, kì í ṣe Mumbai, ìyẹn Bombay àtijọ́, tí í ṣe ojúkò fíìmù Hindi. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ohùn Hindi sí i, wọ́n sì gbé e lọ sí àríwá. Ohùn Hindi ti Baahubali 2 nìkan pa ju 500 crore net lọ lọ́dún 2017. Ti Pushpa 2, tó jáde ní December 5, 2024, ju 800 crore net lọ, iye tí kò sí fíìmù kan tí wọ́n dìídì ṣe ní Hindi tó tíì dé e nígbà náà.

Nítorí náà, àtòjọ méjì ni kí ẹ ṣe. Ọ̀kan fún fíìmù tí wọ́n ṣe ní Hindi, èkejì fún gbogbo ohun tí elédè Hindi sanwó wò. Tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹ ti fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Telugu fún ẹlòmíràn nìyẹn, kò sì yẹ wọ́n. Jawan, September 7, 2023, ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú: Atlee tó darí rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn elédè Tamil, ṣùgbọ́n èdè Hindi ló fi ṣe é. Hindi ni kí ẹ kà á sí. Òun àti Pathaan, ti Shah Rukh Khan ni méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá 1,000 crore gross lágbàáyé lọ́dún kan náà, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti ti ilé sinimá pa tí àwọn èèyàn sì ń sọ pé fíìmù Hindi ti tán.

Bàbá Sinimá

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Jọ̀ọ́, fi Jai Santoshi Maa sí i. Ọdún tí Sholay jáde lòun náà jáde, 1975. Owó tí wọ́n fi ṣe é kéré, kò sí gbajúmọ̀ òṣèré nínú rẹ̀, ìtàn òrìṣà obìnrin kan ni. Àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ sinimá, wọ́n ń ju òdòdó àti owó ẹyọ sí ojú àwòrán. Ó wà lára àwọn tó pa owó jù lọ́dún náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sholay tó ná wọn ní nǹkan bíi crore 3. Àwọn tó ń kọ àtòjọ kì í rántí rẹ̀, torí kò jọ ohun tí wọ́n ń pè ní fíìmù ńlá.

Àǹtí Leicester

Bàbá, ẹ ṣeun fún èyí. Ó rán mi létí Saiyaara, July 2025. Ojú tuntun ni òṣèrékùnrin àti òṣèrébìnrin tó ṣe é, Ahaan Panday àti Aneet Padda, Mohit Suri ló darí rẹ̀. Orin ló gbé e, ó sì ju 500 crore lọ lágbàáyé. Ó bá ohun tí ẹ sọ lókè mu.

Agbóhùn Ìrọ̀lẹ́

Bí mo ṣe fẹ́ tò ó nìyí. Màá kọ́kọ́ ṣàlàyé gross, net àti share pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì 200 rúpìì yẹn. Lẹ́yìn náà Kismet, Mughal-e-Azam, Sholay pẹ̀lú Jai Santoshi Maa, gbogbo wọn lórí iye ọ̀sẹ̀ àti ìtàn èrò. Hum Aapke Hain Koun àti Gadar lórí iye tíkẹ́ẹ̀tì. Dangal, Pathaan àti Jawan lórí owó. Màá ya Kánò àti Sófíẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìyá mi wà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n yí rúpìì sí náírà kí àwọn olùgbọ́ lè mọ bó ṣe tó?

Oníṣirò Abẹ́òkúta

Ẹ má yí i. Náírà ọdún 1975 kì í ṣe náírà tòní, rúpìì náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi rúpìì 8 lọ́dún 1975, ó di nǹkan bíi 31 lọ́dún 1994, ó sì ju 80 lọ lọ́dún 2023. Tẹ́ ẹ bá yí i, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa da olùgbọ́ rú. Ẹ sọ iye èèyàn tó wọlé. Tí wọ́n bá béèrè ìdí tí èrò fi dín kù, ẹ fi September 23, 2022 dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ náà, àwọn onísinimá Íńdíà já owó tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ sí 75 rúpìì káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì ju mílíọ̀nù 6 èèyàn lọ tó jáde lọ wo fíìmù lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn.